Ìránṣẹ́ Tó Ń Padà Láàárín Ọ̀nà

Ìfẹ́ ẹlòmíràn máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín, ti ẹlòmíràn pẹ̀lú omijé. Ti àwọn méjì yìí bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú iyàn jíjà, irú iyàn tó jẹ́ pé bí o bá rò ó fún ará àdúgbò, á ní kí o lọ sùn, pé àárẹ̀ ló ń bá ọ jà.

Yàrá iṣẹ́ wọn wà lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta tìmùtìmù. Òórùn fóòmù tuntun máa ń gba àtẹ̀gùn gòkè wá bá wọn láràárọ̀, fáànù kan sì wà níbẹ̀ tí ariwo rẹ̀ pọ̀ ju atẹ́gùn rẹ̀ lọ. Ètò kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń kọ, èyí tí àwọn ilé ìwòsàn eyín fi ń pín àkókò fún àwọn aláìsàn: ta ló máa jókòó sórí àga dókítà, lọ́jọ́ wo, ní aago mélòó.

Kíákíá ni gbogbo wọn ń pe ọmọbìnrin inú ìtàn yìí. Kì í ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀ ló yá, ẹnu rẹ̀ ni. Bí o bá bi í pé, "Ṣé aṣọ yìí yẹ mí?" kí o tó yí ẹ̀yìn hàn án, ó ti ní, "Kò yẹ ẹ́, lọ bọ́ ọ." Nílé, ó fẹ́ràn kó dùbúlẹ̀ kó máa wo àjà, kó máa ro ti ọkùnrin tó máa wá fẹ́ ẹ lọ́jọ́ kan, ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ á máa tú jáde lẹ́nu rẹ̀ bí omi ẹ̀rọ. Ẹ wá wo ẹni tí Ọlọ́run gbé sí tábìlì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Dúró-ná lorúkọ tiẹ̀. Bí o bá bi í bóyá ó ti jẹun, á ní, "Dúró ná," á sì ronú sí i bíi pé wọ́n ní kó wá jẹ́rìí nílé ẹjọ́. Ó ga, ó dúdú, ó mọ́ tónítóní. Ẹ̀rín rẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó dé, ṣùgbọ́n tó bá dé, kì í tètè lọ. Ìyá rẹ̀ ló dá yàrá iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ nígbà tí kọ̀ǹpútà ṣì tóbi bíi kọ́bọ́ọ̀dù. Ìyá náà ti fẹ̀yìn tì, àmọ́ Ọ̀gá Àgbà ni wọ́n ṣì ń pè é, àwọn òfin tó fi lélẹ̀ sì ṣì dúró níbẹ̀ bí òpó ilé.

Ọ̀kan nínú àwọn òfin náà ló dá ìjà sílẹ̀. Ètò ńlá kì í ṣe odindi; wọ́n máa ń gé e sí wẹ́wẹ́, ìpín kọ̀ọ̀kan sì dà bí ìránṣẹ́. O bi í ní ìbéèrè, ó lọ, ó sì mú èsì padà wá. Ọ̀gá Àgbà ní ìránṣẹ́ kankan kò gbọdọ̀ ní ju ibi ìpadà kan ṣoṣo lọ: kó rìn dé òpin ọ̀nà rẹ̀, kó kó gbogbo èsì jọ sọ́wọ́, kó tó padà. Kíákíá kò gbà. Ìránṣẹ́ tiẹ̀, ibi tó bá ti rí èsì ló ti ń yí ẹ̀yìn padà.

Òfin kejì ni pé iṣẹ́ ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọlé àfi tí ẹlòmíràn bá kà á, tó sì kọ èrò ọkàn rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tí Kíákíá dé, ọwọ́ Dúró-ná ni iṣẹ́ rẹ̀ bọ́ sí. Ìránṣẹ́ tó kọ ń lọ béèrè bóyá aláìsàn kan lè rí àga gbà. Bí dókítà bá wà ní ìsinmi, rárá ni èsì, ó padà. Bí ọjọ́ náà bá ti kọjá, rárá, ó padà. Bí kò bá sí ìdíwọ́ kankan, bẹ́ẹ̀ ni, kí aláìsàn máa bọ̀.

Dúró-ná kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé: "Ìránṣẹ́ yìí ń padà láàárín ọ̀nà. Ibi kan ṣoṣo ni kó ti máa padà."

Kíákíá fèsì lójú ẹsẹ̀: "Bí mo bá rán ẹ lọ ra iyọ̀, tí o bá ṣọ́ọ̀bù ní títì, ṣé wàá ṣì rìn dé ìpẹ̀kun àdúgbò kó o tó padà wá sọ fún mi?"

Èsì kò dé títí wọ́n fi jẹun ọ̀sán tán. Nígbà tó máa dé: "Màá padà. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà kan náà ni màá máa gbà bọ̀, kí ìyàwó mi lè mọ ibi tó máa dúró dè mí sí."

"Ta ni ìyàwó ẹ?"

"Kò tíì sí. Dúró ná."

Kíákíá bú sẹ́rìn-ín níwájú kọ̀ǹpútà. Obìnrin tó jókòó lẹ́yìn rẹ̀ bi í pé kí ló ń pa á lẹ́rìn-ín, ó ní òfin ni. Dúró-ná jẹ́ kí iṣẹ́ náà wọlé bẹ́ẹ̀.

Bó ṣe di bárakú nìyẹn. Ẹ̀gbẹ́ iṣẹ́ tó yẹ kí wọ́n fi máa tọ́ ara wọn sọ́nà, wọ́n sọ ọ́ di ibi ìtàkúrọ̀sọ. Dúró-ná á kọ ọ́ pé, "Ìlà yìí gùn ju sùúrù mi lọ." Kíákíá á ní, "Sùúrù ẹ wo? Èyí tí kò ní òpin yẹn?" Lọ́jọ́ kan, lábẹ́ ìlà tó ń sọ nípa ìsinmi àwọn dókítà, Dúró-ná kọ ọ́ pé, "Ojú ẹ pọ́n lónìí. Ṣé o sùn dáadáa?" Kíákíá ka ìlà kúkúrú yẹn títí ó fi mọ̀ ọ́n sórí. Ta ló ń béèrè irú ìyẹn lọ́wọ́ ẹni tí kò bìkítà fún?

Wàhálà dé ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan. Dókítà eyín kan pe yàrá iṣẹ́, inú ń bí i gan-an. "Àga mi ṣófo láti àárọ̀. Àwọn èèyàn tí eyín ń dùn kún ìta fọ́fọ́, ẹ̀rọ yín sì ń sọ pé ẹnì kan ti gba àga. Ta ni ẹni náà? Ṣé iwin ni?"

Kí ìránṣẹ́ tó lọ wádìí, ó máa ń kọ́kọ́ fọwọ́ di àga mú, kí ẹlòmíràn má bàa gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́. Tó bá ń padà, kó tú ọwọ́ sílẹ̀. Kíákíá ti wá fi ibi ìpadà tuntun kan kún un, fún ọmọdé tí kò ní àgbàlagbà lẹ́yìn. Ìránṣẹ́ padà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n Kíákíá kò rántí sọ fún un pé kó tú ọwọ́. Gbogbo ọmọ tí wọ́n ti ní kó lọ mú ìyá rẹ̀ wá, àga rẹ̀ ṣì wà ní dídìmú: kò sí ẹni tó jókòó lé e, kò sì sí ẹni tó lè jókòó lé e.

Omi lé ròrò sójú Kíákíá. Ó ń retí kí Dúró-ná sọ pé, "Ṣebí mo sọ fún ẹ." Dúró-ná fa àga rẹ̀ wá, ó jókòó tì í, kò sọ ọ́.

"Jẹ́ ká kà á láti òkè," ló sọ.

Wọ́n kà á. Kíákíá fúnra rẹ̀ ló rí ojútùú: kí ìtúwọ́ má jẹ́ ohun tí èèyàn á máa rántí mọ́, kí wọ́n so ó mọ́ ìdìmú látìbẹ̀rẹ̀, pé ibi yòówù kí ìránṣẹ́ ti padà, ọwọ́ á tú fúnra rẹ̀.

"Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kò pọn dandan kí n fi ibi ìpadà mi sílẹ̀," ó ní, ó ń nu imú.

Dúró-ná wo ìlà náà pẹ́. "Kò pọn dandan," ó ní. "O gbọ́n jù mí lọ níbí."

Ọkùnrin mélòó ló lè sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàṣìṣe? Lọ́jọ́ kejì, lórí àtẹ̀gùn, Kíákíá kò lè mú un mọ́ra mọ́.

"Mo nífẹ̀ẹ́ ẹ. Ìwọ ńkọ́?"

Dúró-ná di irin àtẹ̀gùn mú bíi pé ilé ń mì. "Dúró ná."

"Mo ń dúró."

"Ọ̀rọ̀ tí mo bá sọ fún ẹ, mi ò fẹ́ máa yí i padà tó bá yá. Jẹ́ kí n kó gbogbo ẹ̀ jọ ná."

"Kí lo fẹ́ kó jọ?"

"Ilé tá a máa gbé. Ohun tí màmá mi máa sọ. Gbogbo ẹ̀."

Kíákíá gbà, nítorí ìfẹ́ ń sọ ẹni tí kò ní sùúrù di onísùúrù. Láti ìgbà náà, Dúró-ná ló ń sìn ín délé lálaalẹ́. Bí òjò bá ń rọ̀, orí Kíákíá ló ń na agboòrùn sí, èjìká òun fúnra rẹ̀ á rẹ gbingbin. Gbogbo ìṣe rẹ̀ ń pariwo bẹ́ẹ̀ ni, ẹnu rẹ̀ nìkan ni kò tíì sọ ọ́. Oṣù ń gorí oṣù. Ọdún yípo.

Bàbá Kíákíá, tó ń tún aago ṣe níwájú ilé wọn, máa ń rí wọn bí wọ́n ṣe ń bọ̀, ṣùgbọ́n etí títì ni Dúró-ná máa ń dúró sí.

"Ọ̀dọ́kùnrin gíga yẹn," bàbá bi í lọ́jọ́ kan, "kí ló ń dúró dè?"

"Ó ní kí n ṣì dúró ná, Bàbá."

Bàbá yọ awò kékeré tó fi ń wo inú aago kúrò lójú. "Ẹni tó bá ní ká dúró de òun, ó yẹ kó sọ ibi tí òun ń lọ."

Ẹni tó máa ń dá gbogbo ayé lóhùn, òun gan-an ni kò rí ìdáhùn gbà.

Àárín ìgbà yẹn ni obìnrin kan gun àtẹ̀gùn wá sí yàrá iṣẹ́ lásìkò oúnjẹ ọ̀sán, ó fi téèpù ìwọn aṣọ kọ́rùn, abẹ́rẹ́ gígùn wà ní kọ́là rẹ̀. Àbúrò ìyá Dúró-ná ni, aránṣọ ni iṣẹ́ rẹ̀. Dúró-ná ti lọ sí ilé ìwòsàn kan lọ́jọ́ náà.

"Ṣé ìwọ ni Kíákíá?"

"Èmi ni, mà. Ẹ káàsán, mà."

"Ẹ̀gbọ́n mi ló rán mi. Ó ní kí n sọ fún ẹ pé ó mọ ohun tó wà láàárín ìwọ àti ọmọ òun, òun ò sì fọwọ́ sí i. Ó ní ibi ìpadà ẹ ti pọ̀ jù." Àǹtí Aránṣọ wò ó láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ó yí i ká. "Ọmọ mi, má bínú sí mi o. Kí ló ń jẹ́ ibi ìpadà? Apá ibo lára ló wà? Èmi tí mo ń wọn ara èèyàn láti kékeré, mi ò rí i."

Kíákíá kò mọ̀ bóyá kóun rẹ́rìn-ín ni tàbí kóun sunkún. "Inú iṣẹ́ wa ló wà, mà. Bí mo ṣe ń kọ iṣẹ́ ni."

"Iṣẹ́? Iṣẹ́ ni wọ́n torí ẹ̀ kọ ìyàwó? Hẹ̀n-ẹ́n. Èmi ti rò pé àìsàn ni."

"Àǹtí, báwo ni Màmá ṣe mọ bí mo ṣe ń kọ iṣẹ́ mi?"

"Ó ń kà á láràárọ̀ ni. Bó ṣe ń mu tíì ló ń kà á."

Ìgbà yẹn ló yé Kíákíá. Nígbà tí Ọ̀gá Àgbà fẹ̀yìn tì, kò sí ẹni tó rántí yọ ọ́ kúrò láàárín àwọn tí ẹ̀dà gbogbo ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ iṣẹ́ ń lọ bá. Gbogbo àwàdà, gbogbo ìtàkúrọ̀sọ, tíì Màmá ló ń bá lórí tábìlì.

"Gbogbo ẹ̀, mà?"

"Ó ka 'ojú ẹ pọ́n lónìí' sí mi létí," ni Àǹtí wí. "Èmi ni mo ní kó tún un kà."

Ilẹ̀ kò lanu kó gbé Kíákíá mì. Ó gbé orí sókè. "Ẹ bá mi sọ fún wọn pé mo ń bọ̀ wá kí wọn lọ́jọ́ Sátidé."

"Ṣé o ò ní kọ́kọ́ sọ fún ọkùnrin ẹ?"

"Tí mo bá sọ fún un, á ní kí n dúró ná."

Àǹtí Aránṣọ rẹ́rìn-ín títí abẹ́rẹ́ fi já bọ́ ní kọ́là rẹ̀, gbogbo ará yàrá iṣẹ́ sì bá a wá a.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rín kò bá Kíákíá délé. Ṣé òótọ́ ni ìyá Dúró-ná ń sọ? Ọkùnrin méjì ti wá bá a rí, àwọn méjèèjì ló sì dá padà kí wọ́n tó jókòó dáadáa. Àbí òun ni irú ẹni tí kì í lè dúró níbi kan? Bí ìyá bá kọ̀, tí ọmọ sì tún ní kóun dúró, ó pinnu pé òun á sọ ọ́ lójú àwọn méjèèjì pé ó ti tán. Ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́ nígbà tó rò ó dé ibẹ̀, nítorí kò fẹ́ kó tán.

Lọ́jọ́ Sátidé, Dúró-ná ló ṣílẹ̀kùn fún un, sálúbàtà inú ilé wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, aṣọ ìnuwọ́ wà léjìká. "Kíákíá? Kí lo wá ṣe níbí?"

"Màmá ẹ ló pè mí wá, lọ́nà tiwọn."

Pálọ̀ náà kún fún ìwé, ó sì wà létòlétò. Àǹtí Aránṣọ jókòó sí kọ̀rọ̀, ó ń tún etí kọ́tìnì rán. Ọ̀gá Àgbà jẹ́ obìnrin kékeré, irun rẹ̀ funfun, ó gé e mọ́lẹ̀. Kíákíá kúnlẹ̀ kí i. Ìyá ní kó jókòó, ó sì ní kí ọmọ òun padà sídìí abọ́ tó ń fọ̀.

"O gbọ́n," ìyá bẹ̀rẹ̀. "Àwàdà ẹ máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kó o fẹ́ ọmọ mi."

"Torí ibi ìpadà, mà?"

"Torí àga dókítà. O padà, o fi àga sílẹ̀ ní dídìmú." Ìyá bọ́ awò ojú rẹ̀, ó gbé e lé itan. "Bàbá ọmọ yìí ní òun fẹ́ lọ ra bátìrì rédíò. Kò kọ̀ mí, kò ránṣẹ́, n kò gbọ́ pé ó kú. Mi ò lọ́kọ, ẹlòmíràn ò sì lè fẹ́ mi, torí wọ́n ní mo lọ́kọ. Àga tó ṣófo tí wọ́n ní ẹnì kan wà lórí ẹ̀, èmi ni. Ìdí tí mo fi ṣe òfin yẹn nìyẹn. Ẹni tó bá máa lọ, kó gba ibi kan lọ, níbi tí gbogbo ojú ti máa rí i pé ó ti tú ohun tó dì mú."

Omi tó ń dún ní kíṣíìnì dákẹ́. Kíákíá kò rò ó rí pé irú òfin gbígbẹ bẹ́ẹ̀ lè ní irú ìdí bẹ́ẹ̀ nínú.

"Mà," ó ní jẹ́jẹ́, "ọkùnrin méjì ti wá bá mi rí. Ọjọ́ tí ẹni àkọ́kọ́ béèrè náà ni mo ti sọ fún un pé mi ò fẹ́. Ó bínú, ṣùgbọ́n ó ti gbéyàwó báyìí, èmi àti ìyàwó rẹ̀ ń kí ara wa. Ẹnì kejì náà, mo sọ ọ́ fún un lójú ara rẹ̀. Mi ò fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀ ní dídìmú. Ti àga dókítà, àṣìṣe mi ni, ẹ sì rí bí mo ṣe tún un ṣe. Ọmọ yín ńkọ́? Gbogbo ohun tó lè mú mi sọ rárá fún un, mo ti yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí èyí tó dá mi padà. Bẹ́ẹ̀ ni nìkan ló kù lọ́wọ́ mi, mà."

Ìyá sún síwájú lórí àga. "Òun ńkọ́? Kí ló sọ fún ẹ?"

"Ó ní kí n dúró ná, mà."

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti lé lọ́dún kan."

Ìyá fi awò rẹ̀ sójú padà. "Ìwọ! Máa bọ̀ níbí!" Dúró-ná jáde, ọwọ́ rẹ̀ kún fún ọṣẹ. "O di ọmọ ọlọ́mọ mú fún odindi ọdún kan, o ò sọ bẹ́ẹ̀ ni, o ò sọ rárá?"

"Màmá, mo ń kó èsì jọ ni. Mo ń dúró de ọ̀rọ̀ yín, kí n lè sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo."

"Ta ló kọ́ ẹ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

Láti kọ̀rọ̀ ni Àǹtí Aránṣọ ti sọ̀rọ̀, kò gbójú sókè: "Ẹ̀gbọ́n mi, òfin yín ti bímọ."

"Dákẹ́ ẹnu ẹ," ìyá ní, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "Mo ní kí ìránṣẹ́ má padà láàárín ọ̀nà. Mi ò ní kó má padà mọ́." Ó kọjú sí ọmọ rẹ̀. "Má wo ojú mi. Mi ò tíì fọwọ́ sí i. Ká ní mo kọ̀, tí mo kọ̀ kanlẹ̀, kí lo máa sọ fún ọmọ yìí?"

Kíákíá ń wo ọṣẹ tó ń kán láti ìka Dúró-ná sórí ilẹ̀. Ó mọ bí ọkùnrin yìí ṣe ń pẹ́ ronú, ó sì ti ń múra sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ méjì tó ti sú u yẹn.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Dúró-ná wí. Ọ̀rọ̀ náà yára jáde débi pé òun fúnra rẹ̀ ta gìrì. "Màmá, mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ ì báà kọ̀, ilé ì báà má sí, bẹ́ẹ̀ ni màá sọ. Kíákíá, dárí jì mí. Ṣé wàá fẹ́—"

"Màá fẹ́ ẹ."

"Jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán, jàre!" Àǹtí kígbe, ó ti ń fi kọ́tìnì nu ojú.

Ìyá dìde, ó ń wá àpò rẹ̀. "Ṣé ilé bàbá ẹ jìnnà?"

"Bọ́ọ̀sì kan ni, mà."

"Ẹ dìde. Ẹni tí wọ́n ti fi dúró fún ọdún kan, n kò ní fi í dúró di ọ̀la."

Nínú bọ́ọ̀sì, ìyá àti ìyàwó kò kẹ́nu bọlẹ̀. Ìyá ṣì ní ibi ìpadà kan ló dára jù. Kíákíá ní bí ìtúwọ́ bá ti so mọ́ ìdìmú, kò sí ewu. Ìyá béèrè bí wọ́n ṣe máa so ó, Kíákíá ṣàlàyé, ìyá ní òun á rò ó wò. Ohùn wọn ròkè débi pé àwọn èrò ń yíjú wò wọ́n. "Ẹ má dá wọn lóhùn," ni Àǹtí ń sọ fún wọn. "Iṣẹ́ ni. Kì í ṣe àìsàn."

Dúró-ná di ọwọ́ Kíákíá mú, ẹ̀rín rẹ̀ ti dé, kò sì lọ títí wọ́n fi sọ̀ kalẹ̀.

Bàbá wà nídìí iṣẹ́ rẹ̀ níwájú ilé. Ó gbójú sókè, ó rí obìnrin onírun funfun kan, ó rí òmíràn tó fi téèpù kọ́rùn, ó wá rí ọ̀dọ́kùnrin gíga náà, tí kò dúró sí etí títì lónìí. Aṣọ ìnuwọ́ ṣì wà léjìká rẹ̀. Bàbá wo ẹsẹ̀ rẹ̀ pẹ́.

"Ta ni ẹni yìí tó wọ sálúbàtà ilé ìwẹ̀ wá kí mi?"

"Ọkọ mi ni, Bàbá," ni Kíákíá dáhùn.

Bàbá kó àwọn aago tó wà lórí bẹ́ǹṣì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí àyè lè gba gbogbo wọn.